Òbúkọ Tí Kì Í Wẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sí ilé-ìwé girama àwọn ẹranko.

Òbúkọ, Pẹ́pẹ́yẹ àti Ológbò jọ ń gbé yàrá kan níbẹ̀. Òbúkọ kì í wẹ̀. Ológbò wá kìlọ̀ fún un pé bó bá fi di ọjọ́ mẹ́ta sí i tí kò wẹ̀, òun á gbé ẹní rẹ̀ síta.

Lọ́jọ́ kìíní, Òbúkọ bu omi ife kan, ó ṣan ẹsẹ̀, ó bọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìpara para, ó ń dán bíi bàtà ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ balùwẹ̀, ó ń da omi sílẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òbúkọ ń wẹ̀ o!
Jálá-jàlà!
Ó wẹ̀ dórí, ó wẹ̀ dé gìgísẹ̀!
Jálá-jàlà!

Ó jáde, ara rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Eṣinṣin ti fi ọ́ jọba," ni Ológbò wí. Ó gbé ẹní síta.

Pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀ lé e jáde. "Òbúkọ, ṣé omi lò ń bẹ̀rù ni?"

Òbúkọ bú sẹ́kún. "Ọwọ́ mi ò tó ẹ̀yìn mi. Nílé, ìyá mi ló máa ń bá mi ha á. Ojú ń tì mí láti bẹ ẹnikẹ́ni."

Pẹ́pẹ́yẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó pọn omi, ó mú kànìnkànìn, ó ha ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí omi fi dúdú bí aró.

Nígbà tó máa gbójú sókè, Ológbò, ẹni tó ń fi ahọ́n wẹ̀, ti tò sẹ́yìn Òbúkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, "ahọ́n mi náà ò dé ẹ̀yìn."

Àlọ́ mi parí. Bí mo bá purọ́, kí ọṣẹ má hó fún mi lọ́la.