Aṣọ Méje Lábẹ́ Òkúta Iwin

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo rẹ̀. Ọdẹ́túndé ni mí, ọmọ Lámọ̀rín, ọdẹ etí odò. Kòkòrò omi ń jẹ ọkọ̀ igi wa bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Lọ́dún kan ṣoṣo, odò gbé ènìyàn mọ́kànlá. Nígbà tó gbé ìyàwó mi, mo mú ìbọn, èmi àti Ògúndíjọ ọ̀rẹ́ mi sì wọ igbó tí a gbọ́ pé àwọn iwin ti ń fi aṣọ àti oje igi ṣe ọkọ̀ tí kòkòrò kò lè jẹ.

Ẹyẹ kan kò ké níbẹ̀. Àwọn igi fi orí kan orí bí àwọn àgbà tó ń gbìmọ̀ ìkà. Iwin kan jókòó lórí àpáta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ní: “Aṣọ méje rèé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, oje rèé, òkúta rèé. Ẹ tẹ̀ wọ́n di ara kan, kí oje dé inú gbogbo òwú. Ẹni tó bá kùnà ni yóò di aṣọ kẹjọ.”

Ògúndíjọ alágbára kó gbogbo òkúta lé aṣọ gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá da oje sí i. Òwú ti há mọ́ òwú, oje kò rí ọ̀nà. Nígbà tí iwin là á, àárín rẹ̀ funfun bí eérú. Ọwọ́ ńlá náà sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi láàárín aṣọ. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́.

Ó wá kàn mí. Mo kọ́kọ́ fi oje rin aṣọ méje tèmi, torí aṣọ tútù a máa gbà ju gbígbẹ lọ. Mo gbé òkúta kan lé e. Aṣọ náà rọlẹ̀ kíá, lẹ́yìn náà ó ṣagídí, kò lọ mọ́. Mo jókòó, mo ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó tún ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, òwú ìsàlẹ̀ ń fi àyè gba tòkè. Ìgbà náà ni mo gbé ìkejì lé e.

Iwin bú: “Kí ló dé tí o kò fi ìkẹta sí i?”

“Bàbá, bí mo bá fi sí i, oje á sá jáde, òùngbẹ á pa òwú. Bí mo bá sì yọ ọ̀kan, oje á pọ̀ jù, ọkọ̀ á fọ́.”

“Jẹ́ kí n gbé àwọn òkúta náà kúrò.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ó di ìgbà tí oje bá le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ á tún wú.”

Iwin jókòó tì í títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó wá gbé òkúta kúrò, ó fi ìka kan aṣọ náà: ó dún bí irin. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Ògúndíjọ. Ó mirí: “Ohun tí a tẹ̀ ní àtẹ̀jù kì í padà bọ̀ sípò.”

Mo délé, mo kọ́ ìlú ní iṣẹ́ ọkọ̀ aṣọ náà. Ọdún mẹ́ta rèé, odò kò gbé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá Ògúndíjọ bi mí pé, “Ọdẹ́túndé, ọmọ mi ńkọ́?”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, tí ẹ ní ìyàwó, tí ẹ ní ẹni tó ń sìn yín, ẹ má ṣe kó gbogbo ẹrù lé wọn lórí lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wojú wọn. Ẹ máa lọ, kí ilé yín tù yín lára.