Ìkòkò Irin Àsàbí ní Agbolé Amọ̀kòkò

Ohun mẹ́rin ni wọ́n bá Àsàbí rù wọ ilé ọkọ: ẹní kan, àpótí aṣọ kan, igbá olómorí kan, àti ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó dúdú bí kóró iṣin. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìkẹrin ló fẹ́ tú ilé ká.

Bó bá ṣe pé ilé mìíràn ni wọ́n gbé e lọ ni, bóyá ẹnu ì bá má kun ìkòkò náà. Ṣùgbọ́n agbolé amọ̀kòkò ni wọ́n fi í fún. Láti ìran dé ìran, amọ̀ ni àwọn obìnrin ilé yìí ń wà, amọ̀ ni wọ́n ń pò, ìkòkò pupa tó ń dán ni wọ́n ń sun, kò sì sí ilé ìdáná kan ní ìlú náà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sí. Kí ìyàwó irú ilé bẹ́ẹ̀ wá gbé ìkòkò irin wọlé, ó dà bí kí ìyàwó ahunṣọ máa yá aṣọ wọ̀.

Ìyá Akínpẹ̀lú, ìyá ọkọ rẹ̀, ni olórí àwọn amọ̀kòkò náà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè tú ẹ̀kọ sórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ kí ẹ sì jẹ ẹ́ láìfura. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ohunkóhun tí kò bá ti dán, ìdọ̀tí ni lójú tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n ṣe wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tán lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí ìkòkò náà.

“Ìyàwó, ilé ta ló jó tí ẹ ti ṣa èyí?”

Ẹ̀rín bú sẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló rẹ́rìn-ín jù, ìyẹn ẹni tí Àsàbí padà wá ń pè ní Ẹyinfúnjowó, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

Àsàbí kúnlẹ̀. “Ilé kankan kò jó, Màámi. Ìkòkò ìyá mi ni. Òun ni wọ́n fi tọ́ wa.”

“Ó dáa. Gbé e sẹ́yìn ilé. Ìkòkò tuntun mẹ́fà ni mo ti mọ sílẹ̀ dè ọ́.”

“Ẹ ṣeun, Màámi, ẹ kú ìnáwó mi. Màá gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Màá sì máa fi ti ìyá mi se ẹ̀kọ.”

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́ o! Ohùn rẹ̀ kò le, orí rẹ̀ kò sì gbé sókè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ìyàwó yìí ti kọ̀ jálẹ̀.

Ó sì nídìí tó fi kọ̀. Ìgbà tí bàbá Àsàbí kú, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ pín gbogbo ohun tó wà nílé. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ewúrẹ́, wọ́n pín ọpọ́n ayò pàápàá. Ìkòkò irin yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fẹ́, nítorí pé ó dúdú, ó wúwo, kò sì lẹ́wà. Wọ́n fi sílẹ̀ fún opó àti ọmọ mẹ́rin. Inú rẹ̀ ni opó náà ti ń se ẹ̀kọ tó ń tà, inú rẹ̀ náà ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọdún méjìdínlógún gbáko. Nígbà tí ikú sún mọ́ ọn, ó pe Àsàbí tó jẹ́ àkọ́bí.

“Má fi iyanrìn kàn án o,” ló wí. “Bí o bá se nǹkan nínú rẹ̀ tán, omi gbígbóná ni kí o fi ṣàn án. Gbé e padà sórí iná kí ó gbẹ, kí o sì fi àdín pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Dúdú tí o rí yẹn, aṣọ rẹ̀ ni. Bí o bá bọ́ ọ láṣọ, yóò dójú tì ọ́.”

Ohun tó gbọ́ ló ń ṣe nílé ọkọ. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá se ẹ̀kọ tán, ẹ óò rí i tó ń fi àkísà olómi àdín nu inú ìkòkò náà yíká, tó sì ń dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Ìyàwó Eléèédú. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn “Ooo!” tagbáratagbára, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Inú a máa bí àwọn tó ń pè é, nítorí kí inú lè bí òun ni wọ́n ṣe ń pè é.

Ọdún kò pé tí ọjọ́ ìsun ìkòkò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní agbolé náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, kí wọ́n tó ti iná bọ ìkòkò àkọ́kọ́ ọdún, gbogbo obìnrin tó wa amọ̀ àti àwọn àlejò tí wọ́n pè máa ń jókòó papọ̀ jẹ ẹ̀kọ. Ìyàwó tó kéré jù ló sì ń se é. Ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ funfun láìlábàwọ́n. Wọ́n gbà pé bí àbàwọ́n bá wà lára ẹ̀kọ, ìkòkò yóò sán nínú iná, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta yóò sì di àpáàdì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Àsàbí lọ sí oko láti já ewé tí yóò fi di ẹ̀kọ. Ó sùn síbẹ̀. Ìyá Akínpẹ̀lú wo ìkòkò dúdú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó wo àwọn àlejò tí ń bọ̀ lọ́kàn rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ aṣọ. Ohun tí amọ̀kòkò bá mọ̀ ni yóò ṣe. Ó bu iyanrìn odò, ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó sì ha ìkòkò náà nínú lóde títí dúdú rẹ̀ fi ṣí, tí irin rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà. Kò tán síbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ tuntun máa ń mu omi kí ara rẹ̀ tó le. Ó bá pọn omi kún un dé ẹnu, ó ní kí ó mu ún dọ̀la. Inú rere ló fi ṣe é, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ náà dunni jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àsàbí dé. Omi inú ìkòkò ti pọ́n bí omi osùn. Ó da omi náà nù, ó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, ìpẹtà sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú sì ń bí i.

“Màámi, kí ló dé tí ẹ bọ́ ọ láṣọ?”

“Mo bá ọ fọ nǹkan, o ń bi mí léèrè! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nílé yín nìyẹn?”

“Bí ẹ bá bi mí, ǹ bá sọ fún yín.”

“Èmi tí mo mọ ìkòkò kí ìyá rẹ tó mọ ọmọ bí, kí n wá bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò? Gbé ògì sínú rẹ̀. Se é kí gbogbo ilé rí i.”

Àsàbí kọ̀, ó ní ìkòkò náà kò tíì yá. Ìyá Akínpẹ̀lú bá se é fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ náà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, èyí tó sì rí yọ pọ́n bí erùpẹ̀. Ẹyinfúnjowó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀. Ìyá Akínpẹ̀lú gbé e, ó di ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí agbolé.

“Ẹ wá wò ó, Bàbá! Ìdọ̀tí tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sínú rẹ̀ látọjọ́ ló ń jáde yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó fi rọ ọkọ́, kí nǹkan yìí má baà fọ́ ìkòkò wa.”

Mọ́gàjí yíjú sí ìyàwó. “Ìwọ ńkọ́? Kí lo ní í sọ?”

“Bàbá, ọdún méjìdínlógún ni ìkòkò yìí fi wà ní dúdú, kò ba ẹ̀kọ jẹ́ rí. Ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ gan-an ló bà á jẹ́. Ọjọ́ méje ló kù. Ẹ fi wọ́n fún mi. Bí àbàwọ́n kan bá wà lára ẹ̀kọ ọjọ́ ìsun, èmi fúnra mi ni màá rù ú lọ sí àgbẹ̀dẹ. Màá sì tún máa bá wọn fẹ́ ẹwìrì títí yóò fi di ọkọ́.”

Mọ́gàjí ní òun ti gbọ́, ó sì fún un ní ọjọ́ méje náà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Akínpẹ̀lú bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó lo ọ̀kan nínú ìkòkò mẹ́fà tí ìyá òun fún un, ọjọ́ kan péré, kí ilé lè tòrò.

“Ọkọ mi,” Àsàbí dáhùn, “bí mo bá gbé e pamọ́ lọ́jọ́ kan péré, mo ti gbà fún wọn pé ìdọ̀tí ni ìyá mi fi bọ́ wa. Mi ò gbà.”

Ọkùnrin náà mú àdá. Ó lọ bá a ṣẹ́gi.

Àsàbí kò fi iṣẹ́ náà pamọ́ sẹ́yìn ilé. Àárín agbolé ló dá ààrò sí, ní ojú gbogbo ayé. Ó fi ewé ìpín ha ìpẹtà kúrò, ó ṣàn án, ó sì yan án lórí iná títí gbogbo omi ara rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá fi àdín pa á lára fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó dojú rẹ̀ dé iná, ó ń koná mọ́ ọn. Bí ó bá ti tutù, á tún pa á lára, á tún dà á dé iná. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ló ń ṣe é, ọjọ́ méje. Èéfín àdín gba ilé kan.

“Ìyàwó Eléèédú, o fẹ́ fi èéfín pa wá ni?” ni Ẹyinfúnjowó ké.

“Ẹ má bínú, Ẹyinfúnjowó mi. Ẹni tí èéfín bá ń ta lójú, kó bá mi sún sẹ́yìn díẹ̀. Èmi ò ní sún.”

Ní ọjọ́ kẹta, ìkòkò náà rí bí àwọ̀ ìgbín. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń ṣú. Ní ọjọ́ keje, ó dúdú ju ti ìgbà tó wọlé lọ.

Ọjọ́ ìsun pé. Àwọn obìnrin jókòó, Mọ́gàjí wà láàárín, àwọn àlejò náà ti dé. Àsàbí gbé ìkòkò rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú wọn. Àwọn ẹ̀kọ tó ti se nínú rẹ̀ láàárọ̀ wà nínú igbá, wọ́n ti tutù, wọ́n ṣì wà nínú ewé. Kó tó tú ọ̀kan, Ìyá Akínpẹ̀lú dìde. Aṣọ funfun ló dà bora lọ́jọ́ náà, ó sì funfun lóòótọ́. Ó mú etí aṣọ náà, ó fi nu ìdí ìkòkò níbi tí iná ti ń lá a, ó wá gbé etí aṣọ náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó ti dúdú.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fojú yín rí i! Ṣé inú èyí ni ẹ ti fẹ́ jẹun?”

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti nawọ́ fà á padà. Àsàbí wo etí aṣọ náà, ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò kúnlẹ̀.

“Màámi, ẹ bá mi tẹ́ aṣọ yẹn sílẹ̀.”

“Kí n kí ni?”

“Aṣọ yín. Ibi tó funfun jù lára rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́.”

Ìyá Akínpẹ̀lú bọ́ aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ síwájú Mọ́gàjí, nítorí ó dá a lójú pé ìtìjú ìyàwó ló ń bọ̀. Àsàbí mú ẹ̀kọ kan, ó tú ewé rẹ̀, ó sì gbé e sí àárín aṣọ. Ó tú ìkejì. Ó tú ìkẹta.

“Ó yá, Màámi. Ẹ wá àbàwọ́n rẹ̀ fún mi.”

Ìyá Akínpẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó yí i padà. Mọ́gàjí, tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, na ọwọ́ láti mú ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ mú aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ẹ̀kọ. Ó fọwọ́ tá ilẹ̀ káàkiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù.

“Ẹ̀yin obìnrin,” ló wí, “ẹ bá mi mú un. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀kọ nínú wọn.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín Àsàbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó kò tó ìdajì èyí tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá Bàbá mú un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bèèrè òmíràn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbá. Ẹyinfúnjowó tó tutọ́ sílẹ̀ níjọ́sí jẹ mẹ́rin.

Ìyá Akínpẹ̀lú nìkan ló ṣì dúró. Nígbà tó yá, ó gé ẹ̀kọ díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá ní, láìwo ojú ẹnikẹ́ni:

“Kí lo ní ò ń fi pa á lára?”

“Àdín ni, Màámi. Bí wọ́n ti ń pa ọmọ tuntun.”

Ìgbà náà ni Àsàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀.

Wọ́n sun ìkòkò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan kò sì sán. Ìkòkò irin kò padà sẹ́yìn ilé mọ́, ẹnu ọ̀nà ló wà, ní dúdú rẹ̀. Bí àlejò bá dé tó ṣe ojú ṣìọ̀ sí i, kì í ṣe Àsàbí ló ń dá a lóhùn. Ìyá Akínpẹ̀lú ni yóò ti inú yàrá rẹ̀ tó mọ́ tónítóní jáde, tí yóò ní, “Àlejò, fi ara ìkòkò sílẹ̀. Jókòó, kí o wo ohun tó wà nínú ewé.” Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.