Pátákó Méjì ní Oríta Gẹdú

Akíntimẹ́hìn ni olórí àwọn tó ń fa gẹdú nínú igbó kan níhà Oǹdó. Tẹ́lẹ̀ rí, màrìwò ni àwọn agégi máa ń ta dí ọ̀nà tí igi yóò wó sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ fi pátákó alákọsílẹ̀ rọ́pò màrìwò, Akíntimẹ́hìn dúró níwájú èyí àkọ́kọ́, ó mi orí bí ọ̀mọ̀wé, ó ní, “Ó dáa.” Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti gbà pé ó mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B. Ibi tó bá ti gbọ́ ìró àáké ni kì í gbà, gbogbo ìwé tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ilé iṣẹ́ wá mú Tíṣà Ìbídàpọ̀ wá láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà nírọ̀lẹ́. Ìwé ọmọdé ló kọ́kọ́ ṣí: “A, ajá. B, bàtà.” Àwọn tó ti ń fa igi láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Ó pa ìwé náà dé.

“Ẹ̀yin àgbà, kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ mọ̀ ọ́n kà? Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Ẹnu yún Akíntimẹ́hìn láti sọ pé pátákó ni. Ṣùgbọ́n ojú wo ni yóò fi wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín, ó wí bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ó panu mọ́. Àwọn yòókù wo ẹnu rẹ̀, àwọn náà dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé oríta kan. Pátákó kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Ọ̀kan ń sọ pé kí èèyàn kọjá, èkejì ń sọ pé igi ń wó. Akíntimẹ́hìn tẹ́tí, kò gbọ́ ìró àáké kankan.

“Bàbá, èwo ni ká gbà?” Fágbèmí, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló béèrè, okùn wà léjìká rẹ̀.

Akíntimẹ́hìn gbé ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó rántí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóyún nílé, ẹsẹ̀ náà kò sì lọ mọ́. Ikú tó yá ju ẹ̀sín, ṣé tirẹ̀ nìkan ni?

“Fágbèmí,” ó yíjú sí i, “n kò mọ̀ ọ́n kà. N kò mọ̀ ọ́n kà rí. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?”

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n kà.

“Háà, Bàbá! Ẹ̀yin mà la gbójú lé!” Fágbèmí ló wí bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Akíntimẹ́hìn figbe ta: “Ẹ̀yin agégi ooo! Ọ̀nà wo ni ká gbà?”

“Òsì!” Ohùn kan dáhùn láti inú igbó. “Ẹ má gba ọ̀tún o! A ti gé igi tán, ó ti ń bọ̀!”

Wọn kò tíì sún sẹ́yìn tán tí ìrókò ńlá kan fi wó gbì, tó na gbalaja sí ọ̀nà ọ̀tún.

Nírọ̀lẹ́, Akíntimẹ́hìn gbé pátákó ọ̀nà ọ̀tún náà dé abẹ́ àtíbàbà. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ kọ́ wa. Kí ajá ṣì dúró ná.” Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó tòògbé.

Oríta yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbéra, tó fi di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.