Ọ̀mì Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń ta pákó lẹ́bàá ọ̀nà, tó ní àbúrò kan ṣoṣo. Bàbá wọn kú, ìyá wọn tẹ̀ lé e, àbúrò yìí ò sì tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà náà. Onípákó ló gbé e pọ̀n. Òun ló nu imú rẹ̀, òun ló rán an nílé ìwé, òun ló jókòó tì í nígbà tí àìsàn fẹ́ẹ́ gbé e lọ. Kò tètè láya nítorí rẹ̀. Mùdàṣírù ni orúkọ àbúrò náà, bí o bá sì fẹ́ rí eyín onípákó, sáà ti dárúkọ yẹn létí rẹ̀.

Iwájú ìsọ̀ onípákó ni wọ́n ti máa ń ta dráfù. Bẹ́ńṣì kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣófo láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Òfin ibẹ̀ ò le: ẹni tí wọ́n bá lù á dìde, ẹni tó lù ú á jókòó de ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá wá ta ọ̀mì, tí kò sẹ́ni tó lu ẹnìkejì ńkọ́? Àwọn méjèèjì á dìde ni. Wọn ò ní í gbọ́ àlàyé kankan lẹ́nu wọn. Àwọn tó dúró yí wọn ká á máa pariwo pé, "Ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ bọ́ sílẹ̀!" wọ́n á sì máa pe àwọn méjèèjì ní Baba Ọ̀mì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lójú àwọn ará ìsọ̀ yẹn, ọ̀mì burú ju kí wọ́n lu èèyàn lọ. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n lù ṣáà jà.

Orí bẹ́ńṣì yẹn ni Mùdàṣírù ti là lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé ìwé girama, tíṣà kan fi ṣẹ́ẹ̀sì hàn án. Ṣẹ́ẹ̀sì àti dráfù, ojú pátákó wọn nìkan ló jọra. Ti ṣẹ́ẹ̀sì ní ọba, ó ní ayaba, ó ní ẹṣin àti ọmọ ogun, bí o bá sì ti ká ọba ẹnìkejì mọ́ ibi tí kò ti lè sá, o lù ú nìyẹn. Eré náà wọ Mùdàṣírù lára. Ó lu ará ilé ìwé, ó lu ará ìlú, ó lu gbogbo ìpínlẹ̀, títí ó fi di pé òun ló kù tí yóò dojú kọ ọ̀gá tó ni ife gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀gá yẹn ti pẹ́ nídìí ife, kò sì sẹ́ni tó rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdíje náà kì í ṣe ìjókòó kan. Ìjókòó púpọ̀ ni, ọ̀kan lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá borí lóòjọ́ gba máàkì kan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n pín in sí méjì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbẹ̀yìn ló ni ife.

Mùdàṣírù ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́. Etí ló fi gbọ́ ọ o, kò wọ inú.

Onípákó háyà bọ́ọ̀sì, ó kó gbogbo ará ìsọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì gba ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ta á lọ. Aránṣọ kan wà nínú wọn tẹ́nu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló ń darí orin nínú ọkọ̀. Wọ́n ń pariwo Mùdàṣírù lójú ọ̀nà títí àwọn tí wọ́n ń kọjá lára wọn fi rò pé olóṣèlú ló ń bọ̀. Inú onípákó dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n dé gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń darí ìdíje ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ariwo ni iyọ̀ eré wọn, wọ́n ní kí wọ́n káwọ́ gbera kí wọ́n máa wo ojú amóhùnmáwòrán ńlá kan lára ògiri. Ìyẹn gan-an ti ń bí wọn nínú.

Ọ̀gá tó ni ife ló ń ta funfun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ta funfun ló ń kọ́kọ́ gbéra, ìyẹn sì lágbára nínú ṣẹ́ẹ̀sì, pàápàá tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn tó mọ eré náà ti ń sọ pé yóò lu Mùdàṣírù bolẹ̀. Kò rí i lù. Gbogbo ibi tó bá yà sí, ó ń bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà tó yá, ọ̀gá na ọwọ́ sí i lórí tábìlì pé kí wọ́n pín máàkì, Mùdàṣírù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì parí síbẹ̀. Wọ́n ta ọ̀mì. Oúnjẹ ọ̀sán ò tíì délẹ̀.

Aránṣọ yíjú sí onípákó. "Ṣó ti tán nìyẹn?"

"Ó ti tán."

"Ta ló wá lu ta?"

"Kò sẹ́ni tó lu ẹnì kankan."

"Hẹ̀ẹ́! A wọ ọkọ̀ wá láti ìlú wa, ọ̀mì la wá wò?"

Ojú ti onípákó. Kò mọ ibi tí yóò wò. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ká ní ní ìsọ̀ òun ni, wọn ì bá ti lé Mùdàṣírù lórí bẹ́ńṣì.

Ilé tí wọ́n sùn sí gbóná lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ní ẹ̀rù ló ba Mùdàṣírù. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti rà á. Ẹnìkan tí kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ayaba lórí pátákó ń fi ìka tẹ fóònù, ó ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé ọmọ ìlú àwọn ti já àwọn kulẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tan rédíò, àwọn èèyàn ń pe orí afẹ́fẹ́ láti ìhín láti ọ̀hún. Obìnrin kan ní kí wọ́n gbé eré ìdárayá tòótọ́ sí i. Ọkùnrin kan ní bóun bá ni bàbá ọmọ yẹn, òun á fi ẹgba kọ́ ọ lọ́gbọ́n. O ń rẹ́rìn-ín. Dúró ná, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Aránṣọ kí onípákó nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n Baba Ọ̀mì." Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Onípákó fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó dìde.

Ó bá Mùdàṣírù nínú yàrá rẹ̀. Inú ọmọ náà ń dùn. Ó fò dìde, ó di mọ́ ọn, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ rí i? Mo ta dúdú fún un, kò rí mi mú!" Ó fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá yẹn lágbára, pé kò sí ọmọdé lára rẹ̀ mọ́, pé bí òun bá lè dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa rẹ̀ ẹ́, nígbà náà lòun yóò dìde sí i.

Onípákó ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀mì lo ta. O dójú tì mí lójú àwọn èèyàn mi."

"Bọ̀dá mi, ọ̀mì dáa o. Ìdajì máàkì ni."

"Ṣé torí ìdajì ni mo ṣe tọ́ ẹ? Ṣé ìdajì oúnjẹ ni mo ń fún ẹ? Bó o bá tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lónìí, má pè mí ní bọ̀dá mọ́. Wá ẹlòmíràn pè."

Áà, ẹnu! Kó tó sọ ọ́ tán ló ti mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Àmọ́ kò kó o jẹ. Ìtìjú àwọn èrò bẹ́ńṣì ṣì ń ta á lára. Ó rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Mùdàṣírù tẹ́ ìbùsùn rẹ̀ dáadáa, ó wọ bàtà, wọ́n sì lọ sí gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ kejì, Mùdàṣírù ló ń ta funfun. Wọ́n ta á síwá, wọ́n ta á sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ga ju ẹnìkejì lọ. Ọ̀gá tún na ọwọ́ sí i. Mùdàṣírù gbójú sókè, ó wo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí. Ó pẹ́ díẹ̀ tó fi ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n lè mi orí. Ẹ̀gbọ́n lè rẹ́rìn-ín sí i, ìyẹn ì bá ti tó. Onípákó gbé ojú rẹ̀ le koko. Mùdàṣírù bá kọ ọwọ́ ọ̀gá. Àwọn ará ìsọ̀ hó yèè, àwọn tó ń darí ìdíje sì ní kí wọ́n dákẹ́.

Ó rán ẹṣin rẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ kó rán an lọ. Wọ́n jẹ ẹṣin. Wọ́n jẹ èyí tó dúró tì í. Wọ́n ká ọba rẹ̀ mọ́ igun, ó parí. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún fẹ́ fi agídí gba èyí tó ti sọnù, wọ́n lù ú. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Wọ́n lù ú. Kò sí ọ̀mì kankan mọ́ nínú ìdíje yẹn títí tó fi parí.

Àwọn ará ìsọ̀ ò dúró rí òpin rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn nílé. Aránṣọ ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Rédíò ti padà sórí bọ́ọ̀lù. Onípákó nìkan ló jókòó sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ife lé ọ̀gá lọ́wọ́. Nígbà tó yára lọ sí yàrá àbúrò rẹ̀, ó bá a ní gbígbá, kò sí ẹrù kankan níbẹ̀.

Mùdàṣírù ò padà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ kan, kò fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀sì. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Bí ẹ̀gbọ́n bá pè é, á gbé fóònù, á kí i, á béèrè ara ilé, á ní ó dàbọ̀. Ọdún Iléyá dé, ó fi ẹran ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò wá. Onípákó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti lọ tọrọ àforíjì. Àbúrò se ìrẹsì fún un, ó sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Onípákó ní nínú ọkọ̀ tó gbé òun padà sílé lòun ti mọ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀.

Ó ku ibì kan nínú ìtàn náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀gá yẹn lẹ́nu wò lórí rédíò. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo lẹ̀rù bà á jù lọ nínú gbogbo ọdún tó fi di ife mú. Kò tiẹ̀ rò ó. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tòun àti ọmọ kan tó ń jẹ́ Mùdàṣírù ta ọ̀mì ni. Ó ní òun mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bó bá lè máa ta á bẹ́ẹ̀ lọ, ife ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní títí di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ò mọ ohun tó ṣe ọmọ náà lọ́jọ́ kejì.

Onípákó mọ̀ ọ́n. Láàárín pákó ló wà nígbà tó gbọ́ ọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ìgbà tí ìyá wọn kú.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o wá fẹjọ́ ọmọ rẹ obìnrin sùn mí. O ní èsì táàmù àkọ́kọ́ tó mú bọ̀ láti ilé ìwé nọ́ọ̀sì ò dáa, kò burú, àárín ló wà. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bi ọ́, ojú sì tì ọ́. O ti wá sọ fún un pé bí ti táàmù kejì bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ rẹ. O ní nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ta ló ní o ò fẹ́ràn rẹ̀? Ọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí náà fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn á gbàgbé kó tó di ọ̀la. Ọmọ yẹn ò ní í gbàgbé. Èmi ò lè ṣèlérí fún ọ pé kò tíì pẹ́ jù, torí n kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Gbé fìlà rẹ, kí o máa lọ sílé, kí o sì wo ojú ọmọ rẹ.