Ọkùnrin tí Orúkọ Rẹ̀ Wà Nínú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ọkùnrin kan wà tí etí rẹ̀ mú ju ti ajá ọdẹ lọ. Bí owó ẹyọ bá bọ́ sílẹ̀ ní yàrá kejì, yóò sọ fún ọ bóyá orí ni ó fi balẹ̀ tàbí ìdí. Orin gbígbọ́ nìkan ni ó sì ń fi etí náà ṣe. Ní pálọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ju àga lọ. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ańpílífáyà tí ń gbé ohùn sókè wà níbẹ̀, sípíkà méjì sì dúró ní igun méjì bí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Àga kan wà láàárín wọn tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó sí, nítorí ó ní ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti ń pàdé. Àlejò tí kò bá mọ̀, tí ó lọ fìdí lé e, ọkùnrin náà yóò rọra fà á dìde bí ẹni tí ń gbé ẹyin.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohun tí ó dé bá a, kí o má baà rò pé ènìyàn búburú ni. Kì í mutí, kì í jà, kò jí ti ẹnikẹ́ni rí. Ẹni bí èmi àti ìwọ ni.

Rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí í ṣe ọba gbogbo wọn. Ọ̀gá olórin kan ló ṣe é nígbà tí ọkùnrin náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní ojú kejì rẹ̀, lẹ́yìn tí gìtá bá ti ta tán, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì rọlẹ̀, ọ̀gá olórin náà pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ládèjọ ọmọ Ajíbóyè, òrùlé gbogbo ará ilé." Ó pè é, ó tún un pè, àwọn elégbè sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

O mọ̀ pé olórin kì í ki ènìyàn lásán. Ní ọdún yẹn, ọkùnrin náà ti ra páànù sílẹ̀ fún ilé ìyá rẹ̀. Abúlé ni ìyá náà ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, tí í ṣe àbúrò Ládèjọ. Páànù àtijọ́ tí ó wà lórí ilé wọn ti dípẹtà, ilé sì ń jò. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá pé kí òjò tó dé, òun yóò ti kan tuntun. Páànù ti wà nílẹ̀, káfíńtà ti wá wọn ilé. Ìgbà náà ni ọ̀gá olórin ránṣẹ́ jáde pé òun ń lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé mọ òun, kí ó má ṣe jáfara. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń tọ olórin lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà wo páànù. Ó gbé ojú sókè wo ọ̀run, ọ̀run mọ́ roro. Ó ta páànù náà, ó kó owó rẹ̀ fún olórin. Ó ní kí ìyá òun ní sùúrù di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀.

Ìyá sì ní sùúrù. Sùúrù àwọn ìyá pọ̀ jù, òun ló ń bà wá jẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ dé, ó bá bùkátà mìíràn nílẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e náà kò yàtọ̀. Bí òjò bá ti ṣú, ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ a kó abọ́ tánganran jáde, wọn a tò wọ́n káàkiri yàrá, omi a sì máa kán sínú wọn. Bí abọ́ bá kún, wọn a dà á nù, wọn a tún gbé e padà. Nínú òjò ọdún kan, ikọ́ dá ìyá dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọkùnrin náà sin ín dáadáa, kò sí ẹni tí ó lè bá a wí lórí ìyẹn. Wọ́n gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i níbi ìsìnkú, gbogbo ayé sì gbọ́ pé òrùlé gbogbo ará ilé ni ó ń sin ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ kan kì í kọjá kí ó má gbé e sí i. Kì í gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà débi pé bí ó bá di ojú, yóò gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà láìṣìnà. Lẹ́yìn náà yóò jókòó sí àga rẹ̀, yóò sì máa bá wọn kọ ọ́ lókè ohùn: "Ládèjọ ọmọ Ajíbóyè!" Bí àlejò bá dé, á gbé e sí i. Bí ọjà kò bá tà, á gbé e sí i. Bí ó bá rántí ìyá rẹ̀, pàápàá jù lọ, á gbé e sí i.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dàgbà, òun náà sì fẹ́ràn orin, ṣùgbọ́n sídíì ni tirẹ̀. Báyìí ni àríyànjiyàn ṣe wọ ilé náà, ó sì ń dùn mọ́ tọmọ-tìyá, tẹbí-tìbátan. Bàbá ní ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù ní ẹran lára, pé egungun lásán ni ti sídíì. Ọmọ ní ẹran náà ti ń rà, àbí Bàbá kò gbọ́ bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe ń ta pàràpàrà bí epo gbígbóná tí omi kán sí ni?

"Ṣáà gbà pé ọ̀tọ̀ ni ohùn tí ó ní ẹ̀mí," Bàbá a wí.

"Bàbá, ẹ gbà pé sídíì mọ́ jù ú lọ."

"Òkú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ náà mọ́."

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a jẹun. Ìjà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú ni.

Ní ọjọ́ kan, ní àárín ọyẹ́, ọmọ náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ sídíì tuntun àti sípíkà tuntun tí ó ga tó àyà ènìyàn. Ó mú sídíì kan jáde nínú àpò. Wọ́n ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀gá olórin yẹn sórí sídíì. Inú bàbá dùn, ó ní ìjà parí lónìí, orin kan náà ni a ó fi dán ẹ̀rọ méjèèjì wò. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ bàbá kan tí ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n pe àna rẹ̀ ọkùnrin kan. Àbúrò bàbá obìnrin, ẹni tí ó bá ìyá gbé nílé tí ń jò, tí ó ti wà nílé ọkọ láti ìgbà pípẹ́, wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ sípíkà tuntun náà, wọ́n sì ta aṣọ bo iwájú wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí èyí tí ń kọrin. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin. Ó ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnì kan kò gbọdọ̀ wúkọ́, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ bá olórin kọ ọ́ títí méjèèjì yóò fi parí. Ó ní ẹnu máa ń tan etí jẹ. Òótọ́ ló sọ.

Ọmọ gbé àkọ́kọ́ sí i. Gìtá jáde gaara, débi pé olùkọ́ yí ọrùn padà wò ó bóyá ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun. Bàbá gbọ́ bí ọ̀gá olórin ṣe mí kí ó tó la ẹnu, ohun tí kò gbọ́ rí láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó mọ̀ pé sídíì ni, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀. Gìtá ta tán. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọlẹ̀. Ó gúnwà lórí àga rẹ̀, ó ń retí orúkọ rẹ̀.

Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe sídíì náà ti gé gbogbo ibi tí olórin ti ń ki ènìyàn kúrò. Bóyá wọ́n rò ó pé ta ni yóò mọ àwọn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde òní. Ó dun bàbá dé ọkàn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi dùn. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ ò rí nǹkan, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ̀rọ olówó yín gbé mì? Ẹ dúró kí tèmi dé.

Èkejì dé. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń ta díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kún, ó sì rọ̀. Olùkọ́ ń mi orí. Àna ti fi ẹ̀yìn ti àga, ó ti ń gbádùn. Bàbá rí i pé òun ti borí. Gìtá ta tán, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọlẹ̀, ètè rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀ láti kọ ọ́. Ó rántí òfin tí ó ṣe. Ó pa ẹnu dé.

Nítorí pé ó pa ẹnu dé, ó gbọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí orúkọ kankan. Abẹ́rẹ́ tí ó ń gbé lé ojú kan náà lójoojúmọ́ ti jẹ ibẹ̀ tán. Ohùn ọ̀gá olórin ti di èéfín, ti àwọn elégbè ti lọ pátápátá. Gbogbo ọdún tí ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù sí ojú ibẹ̀ ni ìró kan tí sípíkà tuntun kò fi pa mọ́, tó, tó, tó, bí ohun tí ń kán.

Àna bojú wo fèrèsé, ó gbàgbé òfin. "Ṣé òjò ni, nínú ọyẹ́ yìí?"

Obìnrin tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ohùn yàrá Ìyá nìyẹn."

Ọmọ ká aṣọ kúrò, ó pa ẹ̀rọ. Bàbá ní kí ó tún un gbé sí i. Ó tún un gbé sí i, ìró kan náà ni. Bàbá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, mo ti gbé ibí yìí sí i fún ọ láìmọye ìgbà. Kí ni olórin yẹn fi kì mí lẹ́yìn orúkọ mi?"

Olùkọ́ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó kì ọ́ dáadáa. Ó... ó kì ọ́ dáadáa gan-an."

Àna ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ọmọ wí. "Gìtá ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀."

Ó kan àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Wí i fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní purọ́ fún yín, n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ló mọ̀ ọ́n. Onígbàjámọ̀ tí ń bẹ lọ́ọ̀kán ilé wa máa ń gbé e sí i. Bí òjò bá ń rọ̀, tí a bá ń da omi abọ́ nù, òun ni Ìyá máa ń kọ. Á ní, 'Ọmọ mi ni wọ́n ń pè yẹn.' Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ti gbé e lọ."

Wọ́n gbàgbé láti dájọ́. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ èyí tí ó dùn jù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àti sídíì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkùnrin náà ra páànù tuntun, èyí tí ó nípọn. Ó kó o sínú ọkọ̀, ó mú káfíńtà kan, ó di abúlé. Káfíńtà gbé òòlù sí èjìká, ó yí ibi tí wọ́n fi hàn án po. Òjò tí ó wọlé láti òkè ti jẹ ògiri amọ̀ ilé Ìyá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkìtì, koríko sì ti bò ó. Káfíńtà padà wá, ó ń họ orí. Ó ní, "Bàbá, orí kí ni ẹ fẹ́ kí n kàn án mọ́?"

 Wọ́n já páànù náà sílẹ̀ sínú koríko, ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi dípẹtà.

Ìwọ tí mo pa èyí fún, má sọ fún mi pé o kò ní rẹ́kọ́ọ̀dù nílé. O ní. Oore kan wà tí o sọ pé o ṣe, orúkọ kan wà tí o ní ayé ń pè ọ́, o sì ń gbé abẹ́rẹ́ lé e níbikíbi tí o bá jókòó. Fún ọjọ́ kan péré, pa ẹnu rẹ dé. Tẹ́tí sílẹ̀, kí o mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ń pè é. Bí ó bá jẹ́ ìró omi ni o gbọ́, o mọ ẹni tí omi náà ń kán lé lórí, kò yẹ kí n sọ ọ́ fún ọ. Bí ó bá ṣì wà láàyè, dìde nísinsìnyí, kí o fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láìparí. Bí ògiri bá sì ti wó, má padà wá bá mi fún ìtùnú. Mo ti wá a fún ọkùnrin yẹn títí, n kò rí i. Èmi náà kò mọ orí ohun tí a ó kàn án mọ́.