Ìjókòó Pijó Màmá Tíṣà

"Ìjókòó tó mọ ìdí ẹni kì í gbó." Ní agbègbè wa, kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Àwọn ìyàwó ilé ń pa á, àwọn olóyè náà ń pa á láàfin bí ẹni pé torí àga oyè wọn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Inú ọkọ̀ Pijó kan ló ti wá, ọkọ̀ náà sì jẹ́ ti obìnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pe obìnrin náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ sì wà ní Òkè-Ìrókò. Ọkọ rẹ̀ ló ra Pijó náà nígbà ayé rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí ọkọ kú, Pijó kò kú. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò ṣeé ṣí láti ìta mọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó awakọ̀ ti rì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ìbàdí Màmá Tíṣà mu rẹ́gí. Orúnkún tó ń dùn ún nínú ilé kì í dùn ún níbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá sì ṣàìsàn, àìsàn mẹ̀kúnnù ni: bẹ́líìtì, pulọ́ọ̀gì, ohun tí èèyàn lè rí rà lábẹ́ àtíbàbà èyíkéyìí lẹ́bàá ọ̀nà. Múdà mẹkáníìkì á ti tún un ṣe kí omi ẹ̀bà tó hó.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Màmá Tíṣà máa ń wa ọkọ̀ yìí lọ sí Ìdóko láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìdóko. Ojú ìyá yìí ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí Pijó bá ti dé kọ́nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí àbúrò rẹ̀ yí jíà, tí ọkọ̀ sì húkọ́ bó ti máa ń ṣe, ìyá náà á ti dìde, á di òpó ẹnu ọ̀nà mú, á ní, "Ẹ gbé omi kaná, àbúrò mi dé."

Nígbà tó yá, Gbémiga, àkọ́bí Màmá Tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, gbé jíìpù tuntun wá fún ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni Gbémiga. Ojú ló ń tì í pé ìyá òun ń wa ọkọ̀ tí ìpẹtà ti ń jẹ. Ó gba awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Súlè fún un, nítorí jíìpù náà kò ní kílọ́ọ̀ṣì, fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà, ìyá rẹ̀ kò sì wa irú rẹ̀ rí. Ó ní kí Múdà wá wọ́ Pijó lọ, kó tú u tà. Màmá Tíṣà súre fún ọmọ rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbémiga rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Jíìpù náà ga. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Súlè ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé Màmá Tíṣà sókè, orúnkún rẹ̀ sì ń ta á títí wọ́n fi dé Ìdóko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dìde, nítorí ọkọ̀ náà kò húkọ́, ó rò pé àlejò ẹlòmíràn ni. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, Màmá Tíṣà ní ó rẹ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́. Ìyá wo ló máa gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ, tí á tún ní ó ga jù? Kó má bàa ba ọmọ rẹ̀ nínú jẹ́, ó jókòó sílé, ó ń ṣàárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, nítorí náà Súlè ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Yóò dé Ìdóko, yóò gbé iṣu àti èso sílẹ̀, yóò ní, "Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ń bọ̀." Ohun tí wọ́n rán an náà ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa: bí èèyàn bá kú, tí a kò fẹ́ kí arúgbó gbọ́, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ gan-an nìyẹn. Ìyá Ìdóko ti fi tan àwọn ẹlòmíràn rí. Ó ro ti awakọ̀ tí kò mọ̀ rí, ó ro ti ọkọ̀ tí kò mọ̀ rí, ó sì gbà pé àbúrò òun ti kú. Kò sunkún. Ó kàn fi oúnjẹ sílẹ̀ ni.

Gbémiga wà nílé fún ìsinmi lọ́jọ́ tí Fọlámí, ọmọ Ìyá Ìdóko, sáré wọlé.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ, wọn kò mu," ni Fọlámí wí. "Wọ́n ní à ń fi ikú yín pamọ́ fún àwọn. A búra búra, wọn kò gbà."

Gbémiga ti mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ kíá."

"Nínú ìyẹn kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí ọkọ̀ ńlá yẹn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí, wọ́n á ní àwọn tó wá túfọ̀ ló dé. Kí n tó lanu, ọkàn wọn lè má gbé e. Gbémiga, níbo ni Pijó mi wà?"

Gbémiga gbé kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. "Mo fẹ́ kí ara tù yín ni, Màmá."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ibẹ̀ lara ti ń tù mí."

Orí ló yọ wọ́n, Múdà kò tíì tú ọkọ̀ náà. Ó ní ọwọ́ òun ni kò tíì kàn án, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò ní ọkàn láti ṣe é ni. Adìẹ kan ti yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n yá bátìrì, wọ́n wá bẹ́líìtì àlòkù kan sí i, wọ́n bu omi sí i, ọkọ̀ náà sì húkọ́, ó dáhùn. Màmá Tíṣà wọlé, ìjókòó rẹ̀ sì gbà á bó ti máa ń gbà á. Gbémiga, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rí i bí ìyá rẹ̀ ti tújú ká. Ó wá mọ̀ pé òun kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti gbé jíìpù dé, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

Wọ́n dé kọ́nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Tíṣà yí jíà, Pijó húkọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ sí ilé, Ìyá Ìdóko, tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ̀ kúrò lórí ẹní, ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó di òpó mú, omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ẹ gbé omi kaná," ló ń wí. "Ẹ gbé omi kaná."

Wọ́n dì mọ́ra wọn títí. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ìdóko ní kí wọ́n mú òun dé ibi ọkọ̀ náà. Ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó gbóná, ó fọwọ́ wá ìjókòó awakọ̀ tó rì.

"Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ yìí ti gbó," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Màmá Tíṣà dáhùn, "ìjókòó tó mọ ìdí ẹni kì í gbó."

Fọlámí ló fi ẹ̀rín gbé ọ̀rọ̀ náà kiri Ìdóko, àwọn ará Ìdóko ló gbé e dé ọjà, ó sì di òwe. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìfẹ́ gba ohun tó ti mọ́ arúgbó lára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí nígbà tí ẹnì kan bá ń wo ọ̀rẹ́ tàbí aya ìgbà èwe rẹ̀ bí ẹni tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ní ti Gbémiga, ó wa jíìpù rẹ̀ padà sí Kàdúná. Kó tó lọ, ó ra táyà tuntun fún Pijó. Múdà bi í bóyá kí òun pààrọ̀ ìjókòó awakọ̀ náà. Gbémiga ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.