Ìda Òkè Afárá àti Mọ́tò Ẹfọ̀n

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó gba ọ̀nà oko, ó kọjá odò, ó dúró ní agbo ilé Ẹfọ̀n, níbi tí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ti ń fọ mọ́tò. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi gbè é bí orin bá dé.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ń gbé ìlú kan, tí wọ́n ń ná ọjà kan, Ẹfọ̀n ra mọ́tò. Ọdún méjìlá ló fi roko kó tó rà á. Mọ́tò náà dúdú, ó ń dán bí kóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lá. Kò sí òmíràn ní gbogbo ìlú. Òun ló ń gbé aláìsàn. Òun ló ń gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní òdìkejì òkè. Bí ẹnì kan bá kú sóko, òun náà ló ń gbé e wálé. Ẹfọ̀n kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní ohun tí òun ní, ti ará ìlú òun ni.

Ìjàpá ló ń fọ mọ́tò yìí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn iṣẹ́, ẹ kúkú mọ Ìjàpá. Oúnjẹ ilé Ẹfọ̀n ló ń bá kiri. Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Kò sí kọ̀rọ̀ kan lára mọ́tò tí kò mọ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹta, oòrùn jẹ mọ́tò náà lára. Dídán rẹ̀ ṣí. Ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ilẹ̀kùn, ó pọ́n rúsúrúsú. Ẹfọ̀n á yí i po, á mí kanlẹ̀. Bí ìpáàrà bá jẹ mọ́tò yìí tán, ta ni yóò tún roko ọdún méjìlá?

Òkété tó ń ta òrí wá kí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi òrí mi pa á. Iṣu kan ni igbá kan."

Ẹfọ̀n ní, "Mo ti fi òrí pa á rí, Òkété. Ó dán lọ́jọ́ náà. Òjò kan péré ló fọ̀ ọ́ lọ. Mo gbọ́ lọ́jà pé àwọn oyin Òkè Afárá ní ìda kan tí wọ́n ń fi pa irin. Ogójì iṣu ni wọ́n ń gbà fún èyí tó tó orógbó."

Òkété jókòó sílẹ̀. "Ogójì iṣu, fún ohun tí kò kún ẹnu?"

"Èmi náà ò mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ó kó ogójì iṣu sínú ọmọlanke, ó pe Ìjàpá. "Ìwọ lo mọ ara mọ́tò yìí. Lọ bá mi rà á."

Ìjàpá ń ti ọmọlanke lọ. Nígbà tó dé ìyànà, afẹ́fẹ́ fẹ́ òórùn iṣu sí i nímú. Ó dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó yà sílé, ó já ọgbọ̀n sílẹ̀ nínú wọn.

Yánníbo ní, "Baálé mi, iṣu ta ni?"

"Iṣu ọlọ́gbọ́n ni. Mẹ́wàá tó fún oyin. Máa bá mi tọ́jú ìyókù."

"Ẹ kó o padà. Iṣu Bàbá Ẹfọ̀n nìyí."

Ìjàpá ti lọ.

Ó rìn fún ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ìró kan níwájú. Ó rò pé odò ni. Ó tún rìn díẹ̀, ó rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàdúrà pọ̀. Nígbà tó yọ sí ìdí òkè, ó rí i. Àpáta náà ga kọjá ibi tí ojú rẹ̀ lè wò dé. Láti òkè dé ilẹ̀, afárá ló so mọ́ ọn, èyí tó kéré jù sì tó ilẹ̀kùn ilé. Oòrùn ń yọ bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń gba inú ìda kọjá, gbogbo ojú àpáta wá pọ́n bí ẹyinná. Oyin tí kò lóǹkà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ọ̀kan kò kọ lu èkejì. Ìjàpá ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣí i.

Ìyá Oyin jáde wá. Ó ti darúgbó, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó kọ́kọ́ fún àlejò ní oyin nínú àdó kékeré kan, ó ní kó máa fi pa ìpápánu. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó bá wá.

Ìjàpá ní, "Ìyá, iṣu mẹ́wàá rèé, ìda ni mo wá rà. Ẹ má bínú, kí ló wà nínú ti yín tí kò sí nínú òrí?"

"Lọ fọ ìkarahun rẹ lódò. Nù ún gbẹ kó o tó wá."

Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún. Ìyá Oyin bu ìda tí kò ju kóró ọkà bàbà kan lọ, ó fi pa ojú kan ní èjìká rẹ̀ òsì. Ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ó dúró kó gbẹ, ó fi òwú nù ún. Ó wá da omi lé e. Omi náà kò tàn. Ó ṣù jọ wóróworo bí ìlẹ̀kẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó bọ́ sílẹ̀, ojú ibẹ̀ sì gbẹ bíi pé omi kò kàn án rí.

Ìjàpá yí ọrùn, ó bojú wò ó. Ó rí ìkùukùu tó ń kọjá lára òun. Ó rí ẹyẹ tó fò. Ó rí ojú kan tó ń wo òun, ojú àgbà, ojú tó ti rí nǹkan. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ojú ara òun ni. Ebi tó ti ń pa á láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i dákẹ́ díẹ̀.

Ìyá Oyin ní, "Igi kan ṣoṣo ni à ń gba omi òdòdó rẹ̀ ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń tanná lọ́dún. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Kì í wo ìpáàrà sàn. Ẹ ha á kúrò kẹ́ ẹ tó pa á. Bí òkúta bá ti ha irin, kò lè dí ojú ọgbẹ́ náà. Bẹ́ ẹ bá pa á lé ìdọ̀tí, ìdọ̀tí lẹ pa mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ: òjò á rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kò sì ní ríbi wọlé. Iṣu mẹ́wàá ò rà á. Lọ mú ìyókù wá."

Ẹ má rò pé Ìjàpá kò fẹ́ mú un wá. Ó ń ti iṣu mẹ́wàá náà padà bọ̀, ní gbogbo ọ̀nà ló sì ń bojú wo èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, tó rí iṣu tí Yánníbo tò jọ, ebi rẹ̀ jí.

Ó ní, "Dídán dára. Ṣùgbọ́n a kì í gún dídán níyán."

Ó se iṣu kan. Ó tún se ìkejì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé iṣu kan tọ Òkété lọ, ó fi ra igbá òrí. Ó po òrí náà mọ́ àdí títí ó fi dúdú. Kí ó lè máa rùn bí Òkè Afárá, ó da oyin inú àdó sí i. Ó pọ́n ọn sínú ewé, ó gbé e lọ fún Ẹfọ̀n.

Ẹfọ̀n gbóòórùn rẹ̀. "Òórùn oyin ni lóòótọ́. Kú iṣẹ́, Ìjàpá."

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó ń kọrin:

Ìda òkè, wá dán o,
*Dángbindangbin.*
Ogójì iṣu gòkè lọ,
*Dángbindangbin.*
Wọn ò padà wálé mọ́,
*Dángbindangbin.*
Ẹ bi oyin, ẹ má bi mí,
*Dángbindangbin.*

Mọ́tò náà dán. Gbogbo ìlú wá wò ó. Òkété wò ó títí, ó ní ó jọ òrí òun, wọ́n ní ìlara ló ń ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ mú Ẹtu. Láti òru ló ti ń rọbí, ọmọ náà sì dábùú. Wọ́n gbé e jáde lórí ẹní, wọ́n ń gbé e lọ síbi mọ́tò. Oòrùn ti mú mọ́tò gbóná, òórùn oyin ti gba àdúgbò kan. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìró.

Ojú ọ̀run ṣú. Àwọn oyin Òkè Afárá ló ń bọ̀, wọ́n ń wá oyin wọn. Wọ́n bà lé orí mọ́tò, wọ́n bo ilẹ̀kùn, wọ́n bo táyà, títí tí a kò fi rí irin mọ́. Mọ́tò náà wá dà bí ohun abẹ̀mí tí ń mí. Gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ẹtu kérora. Kò pariwo, agbára rẹ̀ ti ń tán.

Ẹfọ̀n wo mọ́tò. Ó wo Ẹtu. Ó wá kúnlẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀. "Ẹ gbé e lé mi."

Ẹnì kan kò gun Ẹfọ̀n rí. Wọ́n gbé Ẹtu lé e, Òkété dì í mú lẹ́yìn, Ẹfọ̀n sì gba òkè lọ.

Ìyá Oyin jókòó lórí mọ́tò. Ó ní, "Ta ló fi oyin mi kun irin?"

Ìjàpá fa orí wọlé. Ṣùgbọ́n eruku ti bo gbogbo ìkarahun rẹ̀ àfi ojú kan, ní èjìká òsì, tó ń dán gbinrin.

Ìyá Oyin ní, "Ọwọ́ mi ló ṣe ojú kan yẹn. Ìda mi kì í rùn bó bá ti gbẹ. Ká ní òun lo fi pa mọ́tò yìí ni, a kì bá tí gba ọ̀nà ibí wá."

Kí Ìjàpá tó rí irọ́ kan pa, Yánníbo ti ti ọmọlanke dé. Ìyókù iṣu wà nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín èrò, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kan pa mọ́. Ìyá Oyin bá kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n padà sí òkè wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ẹfọ̀n dé. Pátákò rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní Ẹtu ti bí, obìnrin ni, ẹ̀mí ìyá wà, ti ọmọ wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Wọ́n ròyìn fún un. Ó kọjú sí Ìjàpá, ó ní,

"Ìjàpá, bí obìnrin yẹn bá kú, iṣu mélòó lò bá fi dí i?"

Ìjàpá sunkún. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn.

Ó fi ọṣẹ fọ òrí àti oyin kúrò. Ó ha ìpáàrà létí ilẹ̀kùn. Ó wa iṣu oko tirẹ̀ dí èyí tó jẹ, ó ti ọmọlanke lọ sí Òkè Afárá, ó ra ìda, ó sì padà. Láti àfẹ̀mọ́jú dé ọ̀sán ló fi pa mọ́tò náà, kò kọrin.

Nírọ̀lẹ́, òjò dé. Gbogbo ìlú dúró lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń wò. Òjò ń bọ́ lé mọ́tò, ó ń ṣù jọ, ó ń yí sílẹ̀, bí ẹni tú ẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ ká. Nígbà tó dá, ilẹ̀ ṣì tutù, mọ́tò ti gbẹ. Nínú ara rẹ̀ dúdú ni gbogbo ìlú wà: igi, ilé, ojú ọ̀run tó ń pọ́n. Wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Omi odò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wo ojú ara wọn, omi sì ń mì. Èyí kò mì. Òkété fọwọ́ kan irun ẹnu ara rẹ̀. Ẹtu gbé ọmọ rẹ̀ dání, ọmọ náà ń wo ọmọ kejì tó wà nínú dídán náà.

Nígbà tó yá, Òkété ní, "Bàbá, ṣé ó wá tó ogójì iṣu?"

Ẹfọ̀n ní, "Fún èyí tó ń gbé wa lọ bímọ, ó tó. Ọkọ́ mi ńkọ́? Òrí rẹ ni màá máa fi pa á."

Òkété rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ni wọ́n ṣì jẹ́ kó máa fọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ìda bá tán, Yánníbo ni wọ́n ń rán.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e sọ́kàn. Ohun tó wọ́n kì í ṣe ọ̀tá wa, ohun tó pọ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹni tó ń pe ọ̀kan ní èkejì ni ká ṣọ́ra fún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ má béèrè òórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín, torí ẹ ò mọ ẹ̀mí ẹni tó so mọ́ ọn.